Ó Ń Sùn, Ó Ti Sùn

Halle, Jẹ́mánì
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kìíní, ọdún 2025

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti inú yìnyín. Ṣé etí yín dá díẹ̀? Ṣé oògùn tí nọ́ọ̀sì ní kí ẹ máa kán sí i ń ṣiṣẹ́? Ṣé Màámi ń jẹun?

Bí a ṣe wà yìí kò dùn mọ́ mi. Bí mo bá pe fóònù yín, ẹ kì í gbọ́ mi. Bí mo bá sì ní kí Màámi bá mi sọ̀rọ̀, láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti fà wọ́n lẹ́nu, n kì í gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń wo ẹnu wọn tí ẹ fi ń mọ̀ ọ́n. Taofeek àbúrò mi wà ní ilé iṣẹ́ wọn ní Free Zone, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ló ń wá sílé. Ìwé nìkan ló kù fún wa. Ẹ bá mi kí Àǹtí Tolúwani tó ń tẹ tèmi jáde fún yín, tó sì ń ya tiyín ní fọ́tò ránṣẹ́ sí mi. Ẹ ní mo ní kí wọ́n máa yà á délẹ̀ o. Èyí tó kọjá, ìka ọwọ́ wọn ló bo ìlà mẹ́ta.

Èdè àwọn ará ibí ń dá mi lágara. Ìyáàfin Lindner tó ń kọ́ wa ní schlafen ni kí ènìyàn wà nínú oorun, einschlafen sì ni kí ó bọ́ sínú rẹ̀. Bí ó bá ti kọjá, èyí tí ènìyàn kàn wà nínú rẹ̀, “ní” ni wọ́n fi ń sọ ọ́, bí ìgbà tí a bá sọ pé mo ní oorun tí mo sùn. Ṣùgbọ́n èyí tó yí ènìyàn padà, “jẹ́” ni wọ́n fi ń sọ ọ́, bí ẹni pé mo jẹ́ ẹni tí oorun ti gbé lọ. Mo bi wọ́n léèrè ìdí tí oorun kan ṣoṣo fi ní orúkọ méjì, gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ìdánwò wa di ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù karùn-ún. Bí n kò bá yege, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ kò ní gbà mí mọ́, fíìsà mi náà á sì tán.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kọ ohun tí Màámi ń ṣe sí mi gẹ́gẹ́ bó ṣe rí. Ẹ má fi nǹkan pamọ́ fún mi torí pé mo jìnnà.

Èmi ni ọmọ yín,
Azeezat


Badore, Ajah
Ọjọ́ keje, oṣù kejì, ọdún 2025

Azeezat Àjíkẹ́, ọmọ mi,

Kú òtútù, kú àjò. Ìwé rẹ dé, mo sì kà á fún ìyá rẹ. Kò jẹ́ kí n ka ìlà mẹ́ta pọ̀ kó tó dá mi dúró. Ó ní irú yìnyín wo ni ènìyàn ń kúnlẹ̀ sí, ṣé o fẹ́ fi orúnkún gba àìsàn ni.

O ní kí n kọ ohun tó ń ṣe. Ó dáa. Ní àná ó jí ṣáájú mi. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn báyìí, n kò gbọ́ ìpè àsùbá mọ́, òun ló ń gbọ́ ọ fún mi tó sì ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ pé kí n dìde. Ó jẹ ẹ̀bà díẹ̀. Ó ta ẹja inú ọbẹ̀ nù, ó ní ọbọ̀kún tí mo rà kò yan dénú, pé wọ́n rẹ́ mi jẹ nítorí wọ́n mọ̀ pé òun kò sí lọ́jà. Ta ni yóò rẹ́ òun jẹ, ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún yan ẹja fún àwọn olówó VGC. Ó gbé ọwọ́ òsì sókè, ó tó ìwọ̀n kó fi lé eṣinṣin. Ó bínú sí mi lẹ́ẹ̀mejì, ó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan. Ṣé ó tó bẹ́ẹ̀?

Ní ti èdè àwọn Jẹ́mánì, má jẹ́ kó dẹ́rù bà ọ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá ní Ajah níbí, àwa náà ní tiwa. Bí a bá ní ó ń sùn, oorun náà ń lọ lọ́wọ́. Bí a bá ní ó ti sùn, ó ti bọ́ sínú rẹ̀, a kò sì tíì sọ bí yóò ṣe jáde. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìṣe tí kò bá ní “ń” níwájú, tí kò ní “ti”, bí “ó lọ”, bí “ó bọ́”, bí “ó fọ́”, èyí ti kúrò lọ́wọ́ ẹni. Ìró kékeré báyìí ló wà láàárín wọn, ohun tó sì ń gbé kò kéré.

Ìyá rẹ ní kí n kọ èyí bí òun ṣe sọ ọ́ gan-an, ó sì mú kí n kà á padà fún òun: “Sọ fún un pé kó ṣe ìdánwò rẹ̀. Kò gbọdọ̀ tìtorí mi padà wálé lọ́wọ́ òfo.”

Jẹun dáadáa.

Bàbá rẹ


Halle
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta, ọdún 2025

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ààwẹ̀. Ọlọ́run á gbà á. Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí, kí ẹ sì sọ fún Màámi pé kí wọ́n má bú mi.

Ìyá arúgbó kan wà lọ́dọ̀ wa tó ń jẹ́ Ìyáàfin Krause, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Ní Ọjọ́rú tó kọjá, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin pe fóònù láti béèrè bí ìyá rẹ̀ ṣe wà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fa aṣọ bò wọ́n tán ni, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Mo fẹ́ sọ fún un pé wọ́n ti sùn. Mo wá rántí ẹ̀kọ́ mi, mo mú ọ̀rọ̀ tuntun náà, mo fi “jẹ́” sí i níbi tó yẹ, mo ní: “Ihre Mutter ist eingeschlafen.” Ìyá yín ti sùn lọ. Ọmọ náà dúpẹ́, ó sì pa fóònù. Inú mi dùn pé mo sọ ọ́ láìṣì.

Kò tó wákàtí mẹ́ta tí ènìyàn mẹ́rin fi wọlé pẹ̀lú aṣọ dúdú, wọ́n gbé òdòdó dání. Wọ́n bá Ìyáàfin Krause lórí àga níbi tí ìyá náà ti ń jẹ kéèkì. Ìyáàfin Krause wo òdòdó náà, wọ́n béèrè pé ta ló kú. Ọmọ wọn ọkùnrin, àgbàlagbà tó ti hewú, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ó ń sunkún. Ìgbà yẹn ni ọ̀gá wa tó sọ fún mi pé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn bí ènìyàn bá kú jẹ́ẹ́. Nínú ìwé tí mo kà, oorun ni wọ́n kọ síbẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ èyí tó kù fún mi.

Wọ́n ti fún mi ní ìwé ìkìlọ̀. Bí n kò bá yege lóṣù karùn-ún, kí n máa lọ.

Bàbá mi, Taofeek ní wọ́n gbé Màámi lọ fa omi sára. Ẹ kò kọ ọ́ sí mi. Kí n máa bọ̀ ni? Bí mo bá kúrò níbí ṣáájú ìdánwò, n kò ní rí àyè padà, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ “máa bọ̀” péré, n ó dìde. Mo ń retí èsì yín.

Azeezat


Badore, Ajah
Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù kẹta, ọdún 2025

Azeezat Àjíkẹ́,

Ìyá rẹ ti sùn, mo wá ráyè kọ̀wé.

Ìlà òkè yìí, ọjọ́ kọkànlá oṣù yìí ni mo kọ ọ́, n kò sì rí ìwé náà kọ parí títí di òní. Má bínú. A túnu ààwẹ̀ ní àná. Kú ọdún, àṣèyí ṣàmọ́dún.

Òótọ́ ni Taofeek sọ. Wọ́n fa omi sí i lára fún ọjọ́ mẹ́ta, a sì gbé e padà wálé. Ìnira yẹn ti kúrò lára rẹ̀. Ó ń sinmi.

Mo ka ọ̀rọ̀ Ìyáàfin Krause fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Má wá. Bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ní kí n sọ ọ́ nìyẹn, n kò fi kún un. Kò sí ohun tí wíwá rẹ yóò yí padà. Kọjú sí ìwé rẹ.

Bàbá rẹ


Halle
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹrin, ọdún 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Oṣù kan ni mo fi retí ìwé yín, ó sì dé, kò kún ojú ìwé kan. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Ṣé Màámi ń bínú sí mi ni? Wọn kò bú mi, wọn kò rán mi níṣẹ́, wọn kò béèrè ohun tí mo ń jẹ. N kò rí i kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Bí ó bá jẹ́ pé torí mo ṣì wà níbí ni, ẹ rántí pé ẹ̀yin méjèèjì lẹ ní kí n má wá. Mo pe Taofeek lẹ́ẹ̀mẹfà, ọ̀kan ló gbé. Ó ní, “Sister mi, mo wà lórí duty, n ó call ẹ padà,” kò sì pè.

Mo ra ìbọ̀sẹ̀ onírun fún Màámi nítorí ẹsẹ̀ wọn tó máa ń tutù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí Àǹtí Tolúwani ya wọ́n ní fọ́tò kan péré fún mi. Kí wọ́n má wulẹ̀ múra. Mo fẹ́ rí wọn bí wọ́n ṣe wà.

Azeezat


Badore, Ajah
Ọjọ́ kẹrin, oṣù karùn-ún, ọdún 2025

Azeezat Àjíkẹ́, ọmọ mi,

Kú ìwé kíkà. Mo tún pẹ́, mo mọ̀. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ níbí, ọ̀sà ti kún dé ẹ̀yìnkùlé wa, ẹrẹ̀ kò sì jẹ́ kí n tètè dé ọ̀dọ̀ Tolúwani. Àwọn tó ń wa yanrìn lójú omi kò dáwọ́ dúró, wọ́n ní ẹ̀sítéètì mìíràn ni wọ́n fẹ́ fi kọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni àsùbá bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ yìí, ara mi kò sì gbà á.

Ìyá rẹ kò bínú sí ọ. Ara kò ro ó mọ́. Ó wà níbi tó tutù, lábẹ́ igi àgbọn, atẹ́gùn ọ̀sà ń fẹ́ síbẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀, bí mo bá kírun tán, mo máa ń lọ jókòó tì í. Mo ka ìwé rẹ fún un láti òkè délẹ̀. Ó dákẹ́ títí mo fi kà á tán.

Ní ti fọ́tò, jọ̀wọ́, má béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ojú rẹ̀ tí o mọ̀ ni kí o máa rí. Taofeek náà kò ṣẹ̀ ọ́, èmi ni mo ní kó jẹ́ kí o ráyè kàwé.

Ó ku ogúnjọ́. Ṣe ìdánwò náà. Láti kékeré rẹ n kò bẹ̀ ọ́ rí, àṣẹ ni mo máa ń pa fún ọ. Wàyí o, mo bẹ̀ ọ́.

Bàbá rẹ


Halle
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹfà, ọdún 2025

Bàbá mi,

Mo yege. Èsì dé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ilé ìtọ́jú sì ti ní kí n máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹ kú àdúrà.

Ì bá wù mí kí ìwé yìí parí síbẹ̀.

Ní ìjẹta, Ìyáàfin Lindner ní kí oníkálukú mú ìwé kan wá ní èdè ìyá rẹ̀. Wọ́n ní kí a fi bírò pupa fàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe tí nǹkan ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀, kí a fi búlúù fà á sábẹ́ èyí tí ohun gbogbo kàn wà bó ṣe wà. Ìwé yín ni mo mú lọ, nítorí kò sí ìwé Yorùbá mìíràn lọ́wọ́ mi. Mo ní kí n fàlà sábẹ́ kìkì ohun tí ẹ sọ nípa Màámi.

Ti oṣù kejì pupa láti òkè délẹ̀. Wọ́n jí, wọ́n gbá yín, wọ́n ta ẹja nù, wọ́n gbé ọwọ́, wọ́n bínú, wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo dé ti oṣù kẹta, mo rí ẹ̀rín. Lẹ́yìn ẹ̀rín yẹn n kò rí ibi lo bírò pupa mọ́. Wọ́n ń sinmi. Wọ́n wà níbi tó tutù. Ara kò ro wọ́n. Wọ́n dákẹ́ títí ẹ fi kàwé tán, Màámi tí kì í jẹ́ kí ẹ ka ìlà mẹ́ta pọ̀. Àsùbá sì ń bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn ló ń gbá yín jí.

Ìyáàfin Lindner wá wo iṣẹ́ mi, wọ́n ní ó dára, pé ó ti wá yé mi. Mo jáde, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń so kẹ̀kẹ́ mọ́ títí kíláàsì fi túká.

Bàbá mi, mo ti wá irọ́ kiri nínú ìwé yín, n kò rí ọ̀kan. Èyí ló dùn mí jù. Ìgbà wo ni? Ẹ kọ ọ́ fún mi, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ tó jẹ́ tirẹ̀ kọ ọ́.

Azeezat


Badore, Ajah
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹfà, ọdún 2025

Azeezat Àjíkẹ́,

Ìyá rẹ kú.

Mo ti kọ ọ́. Kò sí “ń” níwájú rẹ̀, kò sí “ti”. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ọ̀rọ̀ ìṣe, oṣù mẹ́ta àti ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi wá agbára láti kọ ọ̀kan yìí.

Ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta ni, lẹ́yìn irun alásárì. Ìwé rẹ dé, mo jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì, mo kà á fún un. Ọ̀rọ̀ òdòdó yẹn pa á lẹ́rìn-ín. Ó ní kí n tún ibi tí wọ́n ti gbé e wọlé kà. Mo tún un kà. Nígbà tí mo gbójú sókè, ó ti di ojú rẹ̀. Mo fa aṣọ bò ó. Mo yọ́ jáde kí n má baà jí i, mo mú bírò, mo kọ ọ́ sí ọ pé ìyá rẹ ti sùn. N kò fi tàn ọ́. Ohun tí mo rò nìyẹn. Ẹni tí etí rẹ̀ dá ì bá mọ̀ pé kò mí mọ́, tèmi kò gbọ́ nǹkan kan. Ìgbà tó tó àkókò ìṣínu, mo gbé ògì wọlé fún un, mo fọwọ́ kàn án. Kò dáhùn.

A sin ín láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nídìí àgbọn tó wà lẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀.

Òun ló ní kí n má sọ fún ọ. Ọjọ́ tí wọ́n ń fa omi sí i lára ló mú mi búra. Ó ní, “Bí mo bá kú kí Azeezat tó ṣe ìdánwò, sin mí, kí o sì panu mọ́.” Bí mo bá kọ pé ó jẹun, irọ́ ni. Bí mo bá kọ òótọ́, o ó wá, o kò ní bá a, o kò sì ní ríbi padà sí. Mo wá ń ṣa ọ̀rọ̀ jọ lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó lè gba àárín méjèèjì kọjá. Bí o bá fẹ́ bínú, bínú, mo tó bẹ́ẹ̀.

Ohun kan kò jẹ́ kí n sinmi, Àjíkẹ́. Nígbà tí mo fa aṣọ bò ó, ṣé ẹni tó ń sùn ni mo bò, àbí ẹni tó ti kú? Mo jókòó níbẹ̀, ojú mi ríran, n kò mọ ìgbà tí ọ̀kan di ìkejì. Mo ti yẹ gbogbo Yorùbá tí mo mọ̀ wò, kò sí èyí tó sọ ọ́ fún mi. O ní àwọn ará ọ̀hún ní ọ̀rọ̀ fún èyí tí ènìyàn wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ní òmíràn fún èyí tó ń gbé ènìyàn lọ. Bí wọ́n bá ní ọ̀kan fún ohun tí ìyá rẹ ṣe ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi.

Bàbá rẹ


Halle
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kẹfà, ọdún 2025

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run á forí jì wọ́n. Mo ti bínú, ó sì ti rẹ̀ mí.

Àwọn ará ibí ní ọ̀rọ̀ náà. Eingeschlafen ni. Òun ni mo sọ fún ọmọ Ìyáàfin Krause tí wọ́n fi fẹ́ lé mi. Ó sùn lọ, ó kú jẹ́ẹ́, ọ̀kan ṣoṣo ni lẹ́nu wọn, wọn kò sọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Mo ṣì í lò fún ìyá onítọ̀hún. Fún ìyá tèmi, òun gan-an ni. Ìlà tí ẹ kọ lọ́jọ́ náà, ẹ kò ṣì í kọ.

Mo tọrọ àyè láti wá sílé, oṣù kẹsàn-án ni wọ́n fún mi. N kò rí nǹkan ṣe sí i. Ẹ má tíì kó ẹrù Màámi.

Láti ọ̀la, n ó máa pe fóònù yín ní àsùbá. Ẹ ní kí Taofeek bá yín tò ó kó máa gbọ̀n, kí ẹ fi í sábẹ́ ẹ̀gbẹ́ tí Màámi máa ń gbá yín. Ẹ má gbé e, ẹ kò ní gbọ́ mi náà ni. Bó bá ti gbọ̀n, ẹ dìde.

Ọmọ yín,
Azeezat